Béárì Orí Pákó

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Orpha ti fi ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní abúlé wọn ní Alaska. Nínú gbogbo ọdún yìí, kò sí ohun tó máa ń múnú rẹ̀ dùn tó kí òun àti Lorene, àbúrò rẹ̀, gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin rin inú igbó dé adágún tó wà lẹ́yìn òkè. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀, Lorene yóò kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Florida, orúnkún rẹ̀ kò sì ní gbà fún un láti padà wá gun òkè mọ́. Bí wọn kò bá lọ lọ́sẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn.

Dwight, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, ló gbé ìṣòro kalẹ̀. Ata inú agolo tí wọ́n máa ń mú dání láti fín sí béárì lójú kò tó lójú tirẹ̀ mọ́, nítorí béárì kan lé apẹja kan wọnú odò lóṣù tó kọjá.

"Ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ gbé ìbọn ìléwọ́, kó sì mọ̀ ọ́n yìn," ni Dwight wí. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi náà ń bá yín lọ."

Òun ló ni ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wọn dé ẹnu igbó, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn obìnrin méjèèjì wo ojú ara wọn. Bí Dwight bá ń rìn, àfi bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bó bá jókòó, ìtàn ẹran tó ti pa láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Bó bá sùn, igi oko ń mì.

"Èmi ni màá gbé e," ni Orpha dáhùn kíá.

Ní abúlé wọn, ọ̀nà kan ni wọ́n fi ń dán ayìnbọn wò. Wọ́n á kun béárì sára pákó, wọ́n á kàn án mọ́ nǹkan tí wọ́n fi ń wọ́ ẹrù lórí yìnyín. Wọ́n á so okùn gígùn mọ́ ọn, ẹnì kan á sì fi alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin fà á láti ẹ̀yìn ayìnbọn. Béárì á máa bọ̀ wá bá ọ ní eré. Bí ọta méjì kò bá wọ béárì náà láyà kó tó kan bàtà rẹ, ó ti jẹ ọ́ nìyẹn.

Dwight yá Orpha ní ìbọn tirẹ̀. Ó wúwo bí ìkòkò irin. Dwight ní kó so ó mọ́ ìbàdí, Orpha sì so ó. Nígbà tí béárì bẹ̀rẹ̀ eré, bẹ́líìtì báàgì tó gbé kọ́ ẹ̀yìn ti bo ìbọn mọ́lẹ̀. Ó ń fà á, kò wá. Béárì gbá a lójúgun.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó ti mú un dání kí béárì tó gbéra. Ó yìn ín. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ sókè, fìlà rẹ̀ ṣí bọ́ sílẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn láti orí igi.

"Ṣé béárì abìyẹ́ lo rí lókè ni?" Lorene ti di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ń lọ di ẹrù mi," ni Dwight wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Orpha gbọ̀nà ilé ìtajà ìbọn lọ. Sunniva, obìnrin tó ni ibẹ̀, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ fi ìbọn hàn án.

"Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín ná." Ó tẹ́ ọwọ́ Orpha sórí tábìlì. "Àwọn ìka yìí kò gùn. Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé ìbọn tẹ́ ẹ sọ yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní béárì kì í gbọ́ ohùn kékeré."

"Ìbọn ńlá tó tàsé, ariwo lásán ni. Èyí tó mọ níwọ̀n, tó sì bá a lẹ́ẹ̀mejì, òun ni ìbọn. Ata ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fà yọ o! Báàgì yín dà?"

"Ilé ló wà."

"Ẹ lọ gbé e wá, pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀. Nígbà tí béárì bá dé, ṣé ilé ni báàgì máa wà?"

Orpha lọ gbé e. Ìbọn mẹ́rin ló yìn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀kan bó o látẹ́lẹwọ́, òmíràn kò jẹ́ kí ìka rẹ̀ dé ibi tó yẹ. Dúdú kékeré kan, ọlọ́ta mẹ́wàá, jókòó sí i lọ́wọ́ bí ìgbákọ tó ti mọ́ ọn lára. Sunniva fún un ní ọta òjé líle tó ń wọlé jìn, ó sì so àpò ìbọn náà mọ́ ọn láyà, níbi tí okùn báàgì kankan kò lè dé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Orpha fi ń fà á yọ tó ń yìn ín, títí apá fi ń ro ó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Dwight kò tilẹ̀ kìlọ̀ kó tó ṣáná sí alùpùpù. Orpha rí ojú pupa tí wọ́n kùn sí béárì náà tó ń bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àyà. Ọta àkọ́kọ́ gé béárì létí, ìkejì wọ àyà, ìkẹta wọ àyà. Béárì wá dúró jẹ́ẹ́ lẹ́bàá bàtà rẹ̀.

"Àkọ́kọ́ tàsé," ni Dwight wí.

"Méjì wọ àyà! Ìwọ lo sọ pé méjì!" Lorene kígbe.

"Béárì ti sún mọ́ ọn jù."

Orpha sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. "Ó dáa. Gbé e kọ́, kí ìwọ náà yìn ín. Lorene á fa béárì."

Dwight rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì, ó so ìbọn ńlá mọ́ ìbàdí. Lorene kò dúró kó sọ pé ó yá. Dwight na ọwọ́ sí ìbàdí, bẹ́líìtì ló bá. Ó tún nà án. Kí ìbọn tó mì nínú àpò rẹ̀, béárì ti gbá a lórúnkún, Dwight sì dojú sókè lórí báàgì bí ìjàpá.

Lorene sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Orpha, béárì ti jẹ ẹ́. Ṣé ẹni tí béárì ti jẹ á tún bá wa rìnrìn àjò?"

"Ẹ gbé mi dìde ná," ni Dwight wí. Ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ọkọ̀ gbé wọn dé ẹnu igbó. Ẹja salmon gbígbẹ tó ti dì fún ara rẹ̀, ó kó o fún wọn. Orpha dúró títí ìró ẹ́ńjìnnì fi wọlẹ̀ sínú kùrukùru. Lorene ti tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó ń rìn síwájú pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń ké, ó sì ń kígbe bí wọ́n ṣe máa ń kígbe nínú igbó, kí ẹranko má baà ta gìrì bá ènìyàn:

"Béárì o! À ń kọjá o! Àwa méjì péré ni o!"