Ìpàdé Orí Ìdúró

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìdúró ṣe ń dunni, kó lọ gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ Olúgbénga ní Ìlaròó. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe áàpù tí àwọn àgbẹ̀ Igbógílà fi ń wá mọ́tò tí yóò kó irè oko wọn. Áàpù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹnu ọ̀gá ni kì í sinmi.

Olúgbénga kà á nínú ìwé kan pé ìpàdé orí ìdúró kì í pẹ́ tán. Lọ́jọ́ náà gan-an ló kó gbogbo àga kúrò ní yàrá ìpàdé, ó sì kọ ọ́ sára ògiri pé, "Ọ̀lẹ ní í bá àga ṣọ̀rẹ́." Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò mọ̀ pé ọmọ katikíìsì bíi Olúgbénga lè kà á. Tí Olúgbénga bá bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ òní, á gba ọ̀dọ̀ Mósè kọjá, ọ̀nà ilé ò sì ní í hàn sí i mọ́.

Fúnmilọ́lá, tó ń gba ìpè àwọn àgbẹ̀, ni ìyà náà jẹ jù. Oyún wà nínú rẹ̀. Méjì ti bàjẹ́ ṣáájú èyí, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ dúró pẹ́. Ta ni yóò sọ fún? Oyún tí kò tíì yọ kì í ṣe ohun tí à ń kéde, wọ́n sì ti sọ àga di ọ̀rẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi.

Lọ́jọ́ Ajé kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí Òkun Pupa ni. Fúnmilọ́lá ò mọ ìgbà tó figbe ta: "Oore-ọ̀fẹ́ Jésù Krístì Olúwa wa..."

Ojú Olúgbénga pa dé. Láti kékeré ni wọ́n ti nà án mọ́ ọn pé bí wọ́n bá ti gbé oore-ọ̀fẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Gbogbo wọn kà á, àfi Bàrúwà tó kọ áàpù náà, ọmọ lèmọ́mù, tó kàn ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀gá ṣàmín, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó jáde. Ẹnu ọ̀nà ló ti dúró, tó ń họrí.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kan Mósè, gbogbo ojú á yí sí Fúnmilọ́lá. Ìpàdé wá kúrú. Ọ̀gá ń fi yangàn dé Ayétòrò pé ìwé òun ló ṣiṣẹ́.

Nígbà tó yá, oyún yọ. Olúgbénga wo ikùn, ó wo ògiri, ojú tì í.

"Fúnmilọ́lá, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ dákẹ́ tí n bá fi sọ ọ́?"

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ọ̀rọ̀ ara ògiri rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àga wà fún gbogbo wọn, ti Fúnmilọ́lá sì ní tìmùtìmù. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀.

Olúgbénga fa àga tirẹ̀ náà mọ́ra. "Ó dáa. Nígbà tí ẹsẹ̀ ò ro ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé dáadáa. Nígbà tí Mósè..."

Bàrúwà dìde fùú, ó di ojú pinpin, ó sì gbé oore-ọ̀fẹ́. Kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ títí dé àmín.