Ààyè Ẹ-rọra Lórí Tẹlifíṣọ̀n Mi

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí akọ́bí mi tó bá yín sọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀. Opó ni mí, aránṣọ ni mí, inú pálọ̀ mi ni mo sì ti ń rán yúnifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lẹ́bàá fèrèsé, tẹlifíṣọ̀n kọjú sí i, nítorí ẹni tó ń rán ṣòkòtò kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò bá rí nǹkan fojú wò, wèrè ló kù. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí a bá wá ń ránṣọ ńkọ́?

Akọ́bí mi ló ra tẹlifíṣọ̀n náà. Oníṣirò owó ni níléeṣẹ́ ńlá kan, òun ló sì ń san owó oṣooṣù fún gbogbo ohun tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé sínú rẹ̀: ti fíìmù lọ́tọ̀, ti bọ́ọ̀lù lọ́tọ̀, ti ìròyìn àti ìwàásù lọ́tọ̀. Ta ló ń wo bọ́ọ̀lù nínú ilé mi? Kò sí. Akọ́bí mi ló ń wò ó lórí fóònù láti ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ń ka oore tó ṣe mí, ó máa ń ka bọ́ọ̀lù mọ́ ọn. Mo ń dúpẹ́, mo ń ṣàdúrà fún un, mi ò sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń gbé lókè yàrá mi. Ẹ-rọra là ń pè é. Ọkọ̀ akẹ́rù ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì sí ọlọ́kadà tó lè sáré gba iwájú ilé wa kọjá kó má gbọ́ "ẹ rọra o!" látẹnu rẹ̀. Ó mú ṣòkòtò wá lọ́jọ́ kan pé kí n bá òun gé e kúrú. Fíìmù alápá púpọ̀ kan ń lọ lọ́wọ́, ti obìnrin kan tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dúró wò ó. Nígbà tó yá, ó jókòó wò ó. Mo gé ṣòkòtò tán, mo ká a, mo gbé e lé e lórí itan, kò lọ.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú bisikíìtì nínú ọ̀rá, a ó sì jọ wo díẹ̀ nínú fíìmù náà. A fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ dá nìkan wo iwájú. Èmi ni mo da àdéhùn. Etí ṣòkòtò ni mò ń pa lọ́jọ́ Túsídeè kan, ọwọ́ mi tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀ lára rìmóòtù, nígbà tí màá fi mọ̀, ilé-ẹjọ́ ti dájọ́ ilẹ̀. Ojú Ẹ-rọra fà ro nígbà tó rí i lọ́jọ́ Sọ́ńdè pé mo ti wo iwájú. Ó ní, "Ẹ̀yin náà! Kódà nínú fíìmù, ẹ ò lè rọra."

Kí àlàáfíà lè wà, mo wá nǹkan ṣe. Tẹlifíṣọ̀n yìí, tí o bá ti ṣí ti fíìmù, á kọ́kọ́ bi ọ́ pé ta ló fẹ́ wò ó. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, "Màmá". Mo tẹ̀ síhìn-ín, mo tẹ̀ sọ́hùn-ún, mo sì fi ìkejì sí i: "Ẹ-rọra". Abẹ́ orúkọ yẹn ni fíìmù àwa méjèèjì ń gbé, ibi tí a bá dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ibẹ̀ la ó bá a lọ́jọ́ Sọ́ńdè kejì. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé gbogbo ohun tí mo bá kọ sórí tẹlifíṣọ̀n mi, ó ń hàn lórí fóònù ẹni tó ń sanwó.

"Màmi, ẹ káàárọ̀," ni akọ́bí mi wí lórí fóònù. "Ta ni Ẹ-rọra?"

Díẹ̀ ló kù kí abẹ́rẹ́ gún mi níka.

"Àlejò mi ni."

"Àlejò wo ló ń wo fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó dé yìí?"

"Àlejò tó ní sùúrù."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ti fi owó lé owó oṣooṣù, òun fẹ́ dín in kù, òun àti àbúrò òun á wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè ká lè jọ yan èyí tí a ó yọ. Kì í ṣe owó ló ń bá jà. Ti bọ́ọ̀lù ló wọ́n jù, kò sì dárúkọ bọ́ọ̀lù.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí ju bí inú ṣe bí mi lọ. Mi ò bi ọkùnrin yìí rí bóyá fíìmù ló ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá àbí èmi. Báwo lobìnrin ọjọ́ orí mi á ṣe béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Tó bá ní fíìmù ni ńkọ́? Bí akọ́bí mi bá pa fíìmù, ó lè pa ọ̀sán Sọ́ńdè mi mọ́ ọn, kí ilé sì tún dákẹ́ bó ṣe dákẹ́ lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Mi ò fẹ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Wọ́n dé lóòótọ́. Àbíkẹ́yìn mi, nọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Akọ́bí mi jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó yọ fóònù.

"Màá fi ti ìròyìn àti ìwàásù sílẹ̀ fún yín, Màmi. Ìyẹn ló bá ọjọ́ orí yín mu."

"Bọ́ọ̀lù ńkọ́?"

"Ti bọ́ọ̀lù yàtọ̀."

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n fojú pa á lẹ́nu mọ́.

"Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí fíìmù wà," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ẹ yọ orúkọ ọkùnrin yẹn kúrò níbẹ̀. Kí làwọn èèyàn á máa sọ?"

"Èèyàn wo ló wà nínú fóònù rẹ?"

"Màmi, èmi ni mò ń sanwó."

Mo fàáké kọ́rí. Mo ní, "Orúkọ tí mo bá fọwọ́ ara mi kọ nínú ilé mi, ọmọ tí mo bí kọ́ ló máa pa á rẹ́." Mo mú rìmóòtù. Mo yọ ìròyìn òun ìwàásù. Mo yọ bọ́ọ̀lù, akọ́bí mi fò sókè pé, "Màmi, bọ́ọ̀lù wà lónìí o!" Mo ní fóònù rẹ̀ ṣáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ dá san tirẹ̀. Nígbà tó kan ti fíìmù, tẹlifíṣọ̀n bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Tí mo bá gba owó yúnifọ́ọ̀mù," ni mo wí, "màá fi owó mi san ọ̀kan ṣoṣo, èyí tó rọjú, tí wọ́n máa ń fi ìpolówó sí i láàárín. Ìpolówó ò dí mi lọ́wọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni mo máa fi òwú sójú abẹ́rẹ́."

"Kò burú," ni akọ́bí mi dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká wá wò ó bóyá ó ṣì máa wá."

Ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an ló fi ẹnu gbé jáde.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi dún. Ẹ-rọra wọlé pẹ̀lú ọ̀rá bisikíìtì, ó kí àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n tó dúdú.

"Iná ti lọ ni?"

"Iná wà," ni mo wí. "Fíìmù ló lọ. Mo ti yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. A ò ní rí i wò lónìí, ó sì lè pẹ́ díẹ̀."

Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ọ̀rá bisikíìtì ni mò ń wò, pé bó bá yí padà sẹ́nu ọ̀nà, ó parí nìyẹn.

Ó wo tẹlifíṣọ̀n. Ó wo akọ́bí mi. Ó gbé ọ̀rá sórí tábìlì, ó sì jókòó.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ariwo àwọn ará inú fíìmù yẹn ti pọ̀ jù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní nǹkan tí mo fẹ́ bi yín, wọn ò jẹ́ kí n ráyè."

Àbíkẹ́yìn mi fọwọ́ bo ẹnu, oorun ti dá lójú rẹ̀. Akọ́bí mi dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ ẹbí là ń sọ lọ́wọ́ níbí."

"Jókòó," ni mo wí fún un. Mo kọjú sí Ẹ-rọra. "Ẹ bi mí. Ẹ bi mí lójú wọn."

Ó bi mí bóyá mo lè fẹ́ òun. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì délẹ̀ tí mo fi ní mo gbà. Akọ́bí mi ní àfi kí òun kọ́kọ́ lọ ronú sí ọ̀rọ̀ náà ná. Mo ní kó máa lọ, kó lọ ronú sí i nílé ara rẹ̀.