Ewé Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Nígbà tó di pé Mọ́níkẹ́, ìyàwó mi, kò lè so òwú mọ́ aṣọ mọ́, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àwàdà. Aláró ni. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjemọ̀ ni àwọn ìkòkò rẹ̀ wà, lábẹ́ páànù tí mo fọwọ́ ara mi kàn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti là bí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí oòrùn pa. Ó ń yún un, ó ń ta á, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ láàárín ìka. Bó bá ti ki ọwọ́ bọ aró báyìí, á dijú pa, á fa èémí bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀.

A lọ sí kílíníìkì. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó fún un ní ìpara, ó ní sóódà tí wọ́n ń dà sínú aró ló ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, kó jìnnà sí i.

“Kí n jìnnà sí i kẹ̀?” ni Mọ́níkẹ́ wí nígbà tí a délé. “Kí wọ́n lọ sọ fún bíríkìlà kó jìnnà sí sìmẹ́ǹtì.”

Mo ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún un. Ó fi ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, aṣọ náà sì jáde ní àbàwọ́n-àbàwọ́n. Bí aláró ṣe ń mọ̀ pé aró ti tó ni pé á fi ìka méjì ra á wò. Bó bá ń yọ̀ lọ́nà kan, ó ti ṣetán. Bó bá ń yọ̀ lọ́nà kejì, sóódà ti pọ̀ jù. Èmi náà ti fọwọ́ kàn án rí, mi ò mọ ìyàtọ̀ kankan.

“Rọ́bà ò gbọ́ èdè aró,” ó wí, ó sì fi ìbọ̀wọ́ náà kọ́ sórí okùn aṣọ. Ibẹ̀ ló wà títí dòní.

Harriet, tó ń kó aṣọ funfun wá fún un, tó sì ń gba gbogbo rẹ̀ lọ tà lọ́jà Ìtòkú bó bá ti pa á láró, bẹ̀rẹ̀ sí yọjú lemọ́lemọ́. “Màmá Jọmílójú, èmi ní sùúrù o,” á wí. “Àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ mi ni ò ní.” Bó ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ ń lọ sí àgbàlá kejì, lọ́dọ̀ Ràhámátù tí òun náà jẹ́ aláró. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Bí ọwọ́ yẹn ò bá jinná, iṣẹ́ tí Mọ́níkẹ́ ti ń ṣe láti kékeré parí nìyẹn.

Ìgbà yẹn ló rántí ewé.

Ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà ní abúlé kan lẹ́yìn Odeda. Aláró ni ìyá náà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń là, á jí Mọ́níkẹ́ ní ìdájí pé kó lọ já ewé wá lẹ́yìn balùwẹ̀. Kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni lọ́nà, kò sì gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn, nítorí wọ́n ní ewé tí èèyàn bá sọ̀rọ̀ kó tó já a, agbára rẹ̀ ti bá ọ̀rọ̀ lọ.

“Ewé wo ni?” mo bi í.

“Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.”

“O ń já a, o ò morúkọ rẹ̀?”

“Ta ni yóò sọ ọ́ fún mi? Ṣé èmi tí wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ni máa wá béèrè? Ilẹ̀ ò tíì mọ́, ẹ̀rù ń bà mí, màá kì í mọ́lẹ̀, màá já a, màá sá wálé. Ó tutù lọ́wọ́. Ohun tí mo mọ̀ ò ju ìyẹn lọ.”

“Ó tutù lọ́wọ́! Ewé wo ni kì í tutù ní ìdájí?”

Ó ku nǹkan kan tó rántí. Bí ìyá àgbà bá ti fi oje ewé náà ra ọwọ́ tán, á mú ewé kan tó ṣẹ́kù, á fi ẹ̀gún kàn án mọ́ ara ògiri níwájú ìkòkò aró, á ní, “Ewé yìí ni yóò sọ ìgbà tí mo máa padà síbí.” Títí ewé á fi sọ̀rọ̀, kò ní fọwọ́ kan aró.

“Báwo ni ewé ṣe ń sọ̀rọ̀?”

“Bó bá gbẹ ni. Mo rò bẹ́ẹ̀.”

Èmi, kọ́ìlì ni mo ń wé: ti ẹ̀rọ omi, ti fáànù, ti ẹ̀rọ ìlọta. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo tú ọ̀kan, mo wo bí wáyà ṣe gba inú rẹ̀ kọjá, mo tún un dì, ó sì yí. Láti ìgbà náà, ohun tí mo gbà ni pé bí nǹkan bá ń ṣiṣẹ́, ibì kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe é. Èyí tó kù, ìdérí ni. Mo ní ká lọ wá ewé náà. Ti ògiri àti ẹ̀gún yẹn, mo kà á mọ́ ìdérí.

Bàbá Fárọ̀mbí, àbúrò ìyá àgbà, la bá nílé nígbà tí a dé abúlé; òun nìkan ló kù níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ewé tó o lábúlé yẹn, ọkàn wa sì balẹ̀.

“Ẹ kú ilé, Bàbá.”

“Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn o. Àna wa oníwáyà, ṣé iná ìjọba lo fi jó ọmọ wa lọ́wọ́ báyìí?”

“Aró ni, Bàbá. Ewé wo ni ìyá àgbà ń lò sí i?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. “Èmi lo ń bi? Bi mí ní ewé ibà. Bi mí ní ewé inú rírun. Ti aró, ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Nígbà ayé ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá sún mọ́ ìkòkò yẹn, igi tó fi ń ro aró ló máa fi lé mi, á ní mo fẹ́ ba aró òun jẹ́.”

Ó mú wa lọ sẹ́yìn balùwẹ̀. Balùwẹ̀ ti wó, ó ku ògiri amọ̀ kan tí òjò ti jẹ nídìí. Mo ti ń retí ewé kan. Odidi igbó ló wà níbẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀pá tọ́ka.

“Imí-eṣú nìyí, egbò là ń fi í sí. Ejìnrìn nìyẹn tó ń fà kiri, wọ́n ń fi í wẹ̀ fún ara yíyún. Rinrin ló wà níbi omi yìí, ti oówo ni. Èyí tó wà lórí ògiri, abámọdá ni. Ìwọ́ ọmọ tuntun la fi ń tọ́jú, a sì ń fún oje rẹ̀ fún ikọ́ ọmọdé.”

“Èwo ni?” mo bi Mọ́níkẹ́.

Ó dijú, ó fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Gbogbo wọn ló tutù,” ó wí. Ó kù díẹ̀ kó sunkún.

“Ẹ kó gbogbo wọn lọ,” ni Bàbá wí. “Ó ṣáà wà nínú wọn.”

Mo hú wọn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Nígbà tí a délé, mo gé àwọn kẹ́ẹ̀gì láàbọ̀, mo lu ihò sí wọn nídìí, mo sì gbin àwọn ewé náà sínú wọn.

Imí-eṣú la fi bẹ̀rẹ̀. Mọ́níkẹ́ jí ní ìdájí, ó kọjá lára mi láìsọ̀rọ̀, ó já a, ó ra á sọ́wọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti padà sídìí aró, nítorí mo ti sọ fún un pé oje ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ògiri. Ọwọ́ ò yí padà. A lo ejìnrìn, ó ta á débi pé ó pariwo. A lo rinrin, ó tù ú lára títí tó fi tún ki ọwọ́ bọ aró. Lẹ́yìn náà, bákan náà ni. Ó wá ku abámọdá nìkan, mi ò sì retí nǹkan kan lọ́wọ́ ewé ìwọ́ ọmọ.

Láàárín ìgbà yẹn, Ràhámátù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ fà ro. “Bàbá Jọmílójú, kí ni mo ṣe fún ìyàwó yín? Mo kí i láàárọ̀, kò dáhùn. Mo tún un kí, ó yí ojú. Bó bá jẹ́ torí Harriet ni, èmi ò tíì gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni o.”

Mo ṣàlàyé fún un.

“Nítorí ewé!” Ó pàtẹ́wọ́. “Ẹ wò ó, mo ti bá ọkọ mi jà tán pé òun ló ṣẹ̀ yín.”

Nígbà tó kan abámọdá, Mọ́níkẹ́ kọ̀ fún mi. “Lọ́tẹ̀ yìí, bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe é ni mo máa ṣe é, tògiri-tògiri, tẹ̀gún-tẹ̀gún. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí Harriet máa lọ.”

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká fi oje sí ọwọ́ òsì nìkan. Kí ọ̀tún wà lásán. Nígbà náà la máa mọ̀ bóyá ewé ni.”

Ó wò mí sùn-ùn. “Ọwọ́ mi lo fẹ́ sọ di fáànù.” Síbẹ̀, ó gbà.

Mo fún un ní ìṣó, kò gbà á. Ẹ̀gún igi ọsàn ló lọ wá. Ó kan ewé náà mọ́ ògiri níwájú àwọn ìkòkò, ó fa àpótí, ó jókòó. A wá ń retí kí ewé gbẹ.

Ewé ò gbẹ. Imí-eṣú ì bá ti rọ kí oòrùn tó wọ̀. Abámọdá yìí wà lára ògiri ní tútù yọ̀yọ̀, láìní gbòǹgbò, láìmu omi, nínú oòrùn tó ń mú páànù ta. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Mo já ọ̀kan nínú kẹ́ẹ̀gì, mo fi abẹ là á: ó ki, omi ló kún inú rẹ̀. Ó gbé oúnjẹ ara rẹ̀ dání bí bátìrì. Inú mi dùn sí i gan-an, ṣùgbọ́n aró ń bà jẹ́ nínú ìkòkò.

Harriet dé. “Kí lẹ tún ń dúró dè?”

“Ewé,” ni Mọ́níkẹ́ dá a lóhùn.

“Ewé yín ò gbọ́ pé mo ní oníbàárà ni?” Ó gbé ìdì aṣọ funfun rẹ̀ kan, ó sì bá ẹ̀yìn ilé kọjá sọ́dọ̀ Ràhámátù. Mọ́níkẹ́ ń wò ó bó ṣe ń lọ.

Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo na ọwọ́ sí ewé náà kí n lọ sá a sórí páànù, kó yára gbẹ, ká rí ọ̀rọ̀ yìí yanjú. Mọ́níkẹ́ dìde, ó gbá mi lọ́wọ́ dànù.

Ọwọ́ tó fi gbá mi ni mo dì mú. Ọwọ́ ọ̀tún ni, èyí tí a ò fi ewé kàn. Ó jọ̀lọ̀. Kò sí ojú ibi tó là mọ́. Mo fa òsì wò: òun náà ti jinná.

“A jẹ́ pé kì í ṣe ewé nìyẹn,” mo wí.

Ràhámátù ti dé láti àgbàlá rẹ̀, ìdì aṣọ Harriet wà lórí rẹ̀. “Kí ló dé tí kò fi ní jẹ́ ewé?”

“A ò fi sí ọ̀tún.”

“Bàbá Jọmílójú, bí orí bá ń fọ́ yín, tí nọ́ọ̀sì fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́, ṣé orí ló ń gún un sí?”

“Rárá. Ìdí ni.”

“Báwo ló ṣe ń dórí?”

Lóòótọ́, báwo ló ṣe ń dórí? “Ó lè jẹ́ pé ìsinmi ni,” mo tún wí. “Dókítà kúkú ti sọ ọ́ pé kó jìnnà sí sóódà.”

“Ó sì gbọ́ ti dókítà àbí? Ewé ló gbọ́ tirẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló wò ó sàn?” Ó gbé ìdì aṣọ náà kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ Mọ́níkẹ́. “Gba ẹrù ẹ. Mo sọ fún Harriet pé mi ò ráyè.”

Mọ́níkẹ́ ò gbọ́ wa. Ó ti sún mọ́ ògiri. “Ẹ wá wo nǹkan,” ó wí.

Yí ká etí ewé náà, níbi tó rí wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn, àwọn ọmọ kéékèèké ti yọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ewé tirẹ̀, ó ní gbòǹgbò tín-ín-rín bí irun, ó ń wá ilẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.

“Ó ti sọ̀rọ̀,” ni Mọ́níkẹ́ wí. “Ìyá àgbà ò sọ pé kó gbẹ. Èmi ni mo fi gbígbẹ kún un.”

Ó lọ tún aró po. Ó fi ìka méjì ra á wò. Kò dijú, kò fa èémí. “Ó ti tó,” ó wí, ó sì ki aṣọ Harriet bọ̀ ọ́.

Èmi kó àwọn ọmọ ewé náà, mo gbìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Oje ni? Ògiri ni? Sóódà tí kò fọwọ́ kàn ni? Mo ti tú nǹkan náà palẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà níwájú mi, mi ò sì rí èyí tó jẹ́ ìdérí nínú wọn. Mo sọ fún Mọ́níkẹ́ pé ọ̀nà kan wà tí a lè gbà mọ̀: kí ọwọ́ tún là, kó sì sinmi láìfi ewé kankan sí i.

“Kí ọwọ́ ta ló tún là?” ó bi mí. “Sóódà wà nínú ike lọ́hùn-ún. Lọ ki tìrẹ bọ̀ ọ́.”

Mi ò lọ.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn láàárọ̀ kùtù. “O ò jí ire ni?” mo kí i. Ó kọjá lára mi bí ẹni pé igi ni mí. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan họ èkejì, ẹ̀gún igi ọsàn sì wà láàárín ètè rẹ̀.

Mo pe Harriet lórí fóònù pé kó má tíì wá gba aṣọ, pé ewé ti gun ògiri.

“Títí di ìgbà wo?”

“Mi ò mọ̀,” mo wí. Òótọ́ ni mo sọ fún un.