Bíréèkì Tó Ń Rì Wọlẹ̀

Aago mẹ́wàá ti kọjá, bíréèkì mọ́tò àtijọ́ náà ṣì ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi tìmùtìmù. Bàbá Onímọ́tò nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀, ó ń làágùn bí ẹni tí òjò pa. Aago méjìlá ni wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nílé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ òkè. Àwọn onítakisí ti daṣẹ́ sílẹ̀, aládùúgbò tó máa ń gbé wọn lọ sì ti rìnrìn àjò.

“Tẹ̀ ẹ́!” ó pariwo.

“Mo ti tẹ̀ ẹ́, Bàbá,” ni ọmọbìnrin rẹ̀, tí í ṣe tíṣà, dáhùn látorí ìjókòó awakọ̀.

Bàbá tú nọ́ọ̀tì kékeré tí afẹ́fẹ́ máa ń gbà jáde nínú bíréèkì. Òróró bíréèkì ṣàn sínú ìgò, kò sí ìfófòó kankan nínú rẹ̀. Ó dí i padà.

“Ó le?”

“Rárá o. Ó rì dé ilẹ̀.”

Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí. Àná ló pààrọ̀ kálípà iwájú méjèèjì, irin tó ń gbá táyà mú. Níbo tún ni afẹ́fẹ́ ń sá pamọ́ sí?

Ìyàwó rẹ̀ di férémù ilẹ̀kùn mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bámúbámú. “Bàbá ọmọ mi, ẹ má pa ara yín. A lè lọ lọ́la.”

Èémí rẹ̀ já lẹ́nu ọ̀rọ̀ náà. Bàbá mọ̀ pé ọ̀la jìn. Ó yíjú sí táyà kí wọ́n má baà rí omijé òun.

Ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà. “Bàbá, ṣebí òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń gbà? Kí ló dé tí nọ́ọ̀tì tí ẹ ń tú fi wà nísàlẹ̀?”

Bàbá tún nọ́ọ̀tì náà wò. “Yéè! Mo gbé kálípà ọ̀tún sósì! Èmi tí mo ti ń wakọ̀ látìgbà tí irun ṣì wà lórí mi!”

Ó sáré tú méjèèjì, ó pààrọ̀ wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, òróró jáde tòun ti ìfófòó, ó ń hó ṣọ̀ọ̀. Nígbà tó yá, bíréèkì le koko bí òkúta. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ọgbà kí ó tó gbé ìyàwó rẹ̀ sọ́kọ̀.

Aago kan kọjá kí wọ́n tó débẹ̀.

“Mo ti fi ẹlòmíì sórí ẹ̀rọ yín,” ni nọ́ọ̀sì wí.

Bàbá nawọ́ sí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ tó wú. Nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ ìyá náà, ó yára fa kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá. “Ẹ jókòó, Mà. Aago mẹ́ta lónítọ̀hún máa sọ̀ kalẹ̀. Dókítà á kọ́kọ́ wò yín.”

Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, Bàbá ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì, tòun ti òróró lọ́wọ́.