Ẹ̀rọ Tí Kò Létí

Kò, kò, kò, kò, ni kọ̀ǹpútà kàn, Kouider sì ké.

Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí ife tíì fi jó lórí tábìlì, tí ológbò tó sùn sórí sípíkà fi bẹ́ gba ojú fèrèsé jáde, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí i títí di òní. Bí ẹ bá pàdé ará Spéènì kan tó ń jẹun ọ̀sán ní òdì kejì òkun lọ́jọ́ náà, ẹ bi í léèrè. Á sọ fún yín pé ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ òun. Nígbà tí ilé rọ̀ wọ̀ọ̀, Setti tó ni ṣọ́ọ̀bù na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. Ibi tó yẹ kí orin wà ṣófo bí àwo ọbẹ̀ lẹ́yìn ìṣínu.

"Bàbá Kouider," ni ó wí, "ẹ tún ti ṣe é. Mo ní ẹ̀rọ yìí kò létí. Ọwọ́ nìkan ló mọ̀."

Kouider ní òun gbọ́. Ó ní kíkàn tí ẹ̀rọ náà ń kàn ló ń tan òun jẹ. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn ọkùnrin lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí kò dáhùn, ṣé kì í ṣe pé ó ti kú ni? Setti tún un ṣàlàyé, pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ń ti màlúù gun àtẹ̀gùn: bí òun bá ti tẹ bọ́tìnnì pupa, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ẹ̀rọ á kàn kí ọwọ́ lè múra, lẹ́yìn náà, ohunkóhun tí ìka bá tẹ̀ lórí dùùrù ni yóò kọ sílẹ̀, ibi tó tẹ̀, ìgbà tó tẹ̀ ẹ́, bó ṣe le tó. Mídì ni wọ́n ń pè é. Kò gba ohùn kankan sílẹ̀, ì báà ṣe ohùn ààrá. Ègé orin tó bá jáde níbẹ̀, èèyàn lè gbé ohùn tó wù ú wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù, ohùn fèrè, ohùn gòjé, ohùn kàkàkí.

"Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ ohùn mi," ni Kouider wí. "Òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo ìlú Oran."

Òótọ́ ló sọ. Akéde ni Kouider. Berrah ni a ń pè wọ́n nílùú wa. Níbi ìgbéyàwó, bí olórin ráì, orin ijó ìlú wa, bá kọ ẹsẹ kan tán, orin á fà sẹ́yìn, Kouider á gba máìkì, á ké orúkọ ẹni tó náwó àti orúkọ ẹni tó tìtorí rẹ̀ náwó: nítorí ọkọ ìyàwó, nítorí àwọn ọmọ àdúgbò Medioni, nítorí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, nítorí ìyá tó wà lórí àkéte àìsàn, nítorí àwọn tó ti sọdá òkun. Lọ́jọ́ tó ké orúkọ arọ kan, arọ náà dìde, ó jó. Àwọn kan ní kì í ṣe arọ tẹ́lẹ̀. Onílara ni wọ́n. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: ohun tí Kouider fi ń jẹun láti ogójì ọdún nìyẹn.

Ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ló ń ké láti ìgbà náà wá. Lọ́la ni ìgbéyàwó Mokhtaria, àbíkẹ́yìn rẹ̀, Kouider sì ti búra pé òun á ké orúkọ ọmọ òun lẹ́ẹ̀kan, òun á ké e bó ṣe yẹ, kí òun tó fi ọ̀fun tì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí orin tó lè ké e sí. Orin tí àwọn díjéè ń lò báyìí kún fọ́fọ́ bí àpótí sàdíìnì ní èbúté. Abẹ́rẹ́ kò ráyè wọ̀ ọ́. Ó ti dán an wò níbi ìgbéyàwó kan lóṣù tó kọjá. Orin náà gun orúkọ tó ń ké mọ́lẹ̀ bí ọkọ̀ ojú irin, àwọn àlejò rò pé ìjà ló ń jà, géńdé méjì sì rọra fà á jókòó, wọ́n fún un lómi mu.

Ìdí nìyí tó fi wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Setti, ẹni tó ń fi sípíkà háyà fún àwọn onínàáwó. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe orin tí àyè wà nínú rẹ̀.

Láyé ìjọ́sí, Charef ló ń ṣe ìyẹn fún un. Charef, àbúrò ìyá Setti, ló ń tẹ dùùrù lẹ́yìn rẹ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n àwọn méjèèjì. Ó sọdá sí Marseille nílẹ̀ Faransé, ó ní òun á padà kí Ramadan tó dé. Ramadan dé. Ramadan tún dé. Ìpè orí fóònù tó jẹ́ ti ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ di ti ọdún Iléyá, ó di ti ìgbà tí ẹnìkan bá kú, lẹ́yìn náà ó dà bíi pé ẹnikẹ́ni kò kú mọ́ ní Oran. Àwọn tó ń ti ọ̀hún bọ̀ ní ilé oúnjẹ kan ló ti ń tẹ dùùrù, òun nìkan pẹ̀lú ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹja jẹ́jẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í ké. Kouider ní kò kan òun. Síbẹ̀, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta karantika gbígbóná sínú búrẹ́dì, ẹnu rẹ̀ á ti sọ pé "méjì" kí orí rẹ̀ tó rántí. Á jẹ ìkan. Á gbé ìkejì dání rìn títí tí yóò fi tutù.

"Ó yá, ọwọ́," ni Setti wí, ó tẹ bọ́tìnnì pupa.

Kò, kò, kò, kò. Lọ́tẹ̀ yìí Kouider fi eyín há ètè, ó gbé ìka lé dùùrù kékeré náà. Orin Charef wà nínú orí rẹ̀ bí ọ̀nà ilé, àmọ́ kò fi ọwọ́ rìn ín rí. Ìka rẹ̀ tóbi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ń tẹ méjì níbi tó fẹ́ tẹ ẹyọ kan, ó sì ń tẹ̀ wọ́n bí ẹni tó ń pa àkekèé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ó rántí, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo ohun tó tẹ̀ ń yọ bí bíríkì kéékèèké, bí èèyàn bá sì ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó ni bíríkì náà ń dúdú tó. Ti Kouider dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí búrẹ́dì tó jóná. Nígbà tí Setti jẹ́ kó gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀, ó dún bí ìgbà tí ẹrù ìkòkò já bọ́ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

"Èmi àti rọra kò pàdé rí," ni Kouider dáhùn. "Bàbá tó bí mi pàápàá, ariwo ló fi sọ mí lórúkọ."

Ó tún ìkan gbà sílẹ̀. Ó tún òmíràn gbà. Ìka wá ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, bíríkì méjì mẹ́ta dúró síbi tó yẹ. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé kò mọ ibi tó yẹ kí òun fi àyè sí. Bó bá dá ọwọ́ dúró, orin á kú. Bí kò bá dá a dúró, ibi tí yóò ti ké kò sí. Gbogbo ayé rẹ̀, inú àyè náà ló ti ń gbé. Kò fi ìgbà kan rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, Setti gbé tíì mìíràn wá, kò sì jókòó. Ó ní òun ti ṣe nǹkan kan, kí bàbá má bínú. Òun ti ránṣẹ́ sí Bàbá Charef ní Marseille, òun bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ orin náà, ó sì ti fi í ránṣẹ́ láàárọ̀.

Ife dúró kí ó tó dé ẹnu Kouider. "Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan. Ègé orin yẹn nìkan ló fi ránṣẹ́."

"Kò kí mi?"

Setti wo ilẹ̀.

Kouider rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mọ sí eyín. Ó ní kò burú. Ó ní ọkùnrin tí òun bá jẹ karantika láti ìgbà ìwáṣẹ̀, salam kan ṣoṣo ló wá wúwo jù fún un láti gbé sọdá omi. Bóyá àwọn aṣọ́bodè ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí Setti tẹ̀ ẹ́, kí àwọn gbọ́.

Setti gbé ohùn dùùrù àtijọ́ wọ̀ ọ́, èyí tó máa ń han bí ewúrẹ́ tó gbọ́n, orin sì jáde. Ohùn Charef kò sí níbẹ̀, èémí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló wọlé. Àmọ́ ọwọ́ náà ni. Kouider mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ẹsẹ̀ ará ilé lórí àtẹ̀gùn: bó ṣe máa ń tẹ ojú dùùrù kan lẹ́ẹ̀mejì kó tó yà, bí ẹni tó ń wẹ̀yìn kó tó sọdá títì. Ó dìde, kò mọ̀ pé òun dìde. Ó gbé ọwọ́ sẹ́nu bíi pé máìkì wà níbẹ̀, ó fa èémí sínú, ó ń dúró de ibi tí orin á ti fà sẹ́yìn fún un.

Orin kò fà sẹ́yìn. Ó dé ìparí, ó yípo, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kouider ní bóyá òun ni òun kò gbọ́ dáadáa. Ó tún dúró. Orin tún yípo, ó le, ó dán, kò sí ojú ihò kan lára rẹ̀, bí ògiri ilé ẹlòmíràn. Èémí tó fà sínú tú jáde fúnra rẹ̀.

Ó jókòó. Òótọ́ ni àwọn tó ń ti Marseille bọ̀ sọ. Ẹni tó bá ń tẹ dùùrù níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ké, bó pẹ́ bó yá, ọwọ́ á gbàgbé. Ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la, làwọn àgbà wí. Wọn kò sọ pé ọ̀la náà lè dé kó má dá èèyàn mọ̀.

"Ó dára," ni ó wí. "Gbé e fún àwọn díjéè. Wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀." Ó ń wá fìlà rẹ̀.

Ojú ti Setti, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ láti fi tù ú nínú. Ó ní kí ó má rò pé orin náà dán bẹ́ẹ̀ nígbà tó dé o, òun ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó dà bíi pé oorun gbé Bàbá Charef lọ níbi tó ti ń tẹ̀ ẹ́, tàbí ẹnìkan pè é lórí fóònù, nítorí ihò gbàǹgbà kan wà láàárín. Òun gé e kúrò, òun sì so etí méjèèjì pọ̀.

Fìlà wà lọ́wọ́ Kouider, kò dé e.

"Ihò wo?"

"Ibi tí wọn ò ti tẹ nǹkan kan, Bàbá. Ó ṣófo."

"Dá a padà."

"Ó máa ba orin yẹn jẹ́."

"Setti. Dá a padà síbi tó wà."

Kò ké. Bóyá ìdí nìyẹn tí Setti fi ṣe é kíákíá. Bíríkì Charef là sí méjì, wọ́n sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ojú kọ̀ǹpútà sì ṣófo láàárín wọn. Òfìfo náà jọ èyí tí Kouider gbà sílẹ̀ lọ́sàn-án bí ìbejì, nígbà tó ké sí ẹ̀rọ tí kò létí.

Orin tún bẹ̀rẹ̀. Charef tẹ̀, ó tẹ ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yà, ó dẹ́kun.

Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Fáànù ń dún lókè. Kouider la ẹnu, nǹkan kan kò jáde, òun ọkùnrin tí igbe rẹ̀ ń já ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ará Spéènì. Àyè náà dúró dè é títí, lẹ́yìn náà orin wọlé padà jẹ́jẹ́, bí onílé tó rí i pé àlejò ti sọ̀rọ̀ tán. Ó yípo.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó ké. "Nítorí Mokhtaria, ọmọ Kouider. Nítorí ìyá rẹ̀ tí kò rí ọjọ́ yìí. Nítorí Charef ní Marseille, tó ní òun ń bọ̀."

Gíláàsì fèrèsé mì títí. Ibẹ̀ ni èémí ti tán. Àyè náà kò sì tíì tán. Ó kù díẹ̀, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń gbé omi mì, tí kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀.

Kouider mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àyè náà kò gùn jù. Èémí tí Kouider ní lọ́jọ́ tí Charef ń lọ ni Charef fi wọ̀n ọ́n. Èémí ló ti kúrú. Láti gbogbo ọdún yìí, ọkùnrin náà ti ń gbé ìwọ̀n èémí Kouider kiri Marseille, láàárín àwọn tó ń jẹ ẹja, kò sì dín in kù.

Ó ti ń yé Setti pẹ̀lú. Ó rọra bèèrè bóyá kí òun gé e kù díẹ̀, kó lè bá ohùn bàbá mu lọ́la.

"Má fọwọ́ kàn án."

Ó fa àga sún mọ́ dùùrù, ó jókòó. Setti tẹ bọ́tìnnì pupa. Orin ń yípo. Ogójì ọdún ni Kouider ti rò pé òun lòun ń pa orin lẹ́nu mọ́. Pé bí òun bá ti la ẹnu, ohun gbogbo á bẹ̀rù, á fà sẹ́yìn. Ó ti fi ṣe fáàrí kárí Oran. Kò ronú kàn án rí pé ọkùnrin kan wà lẹ́yìn òun, tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kúrò lórí dùùrù.

Àyè náà dé. Ó ké orúkọ ọmọ rẹ̀, èémí tán, ìyókù ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lé ojú kan ṣoṣo, bí ìgbà tí èèyàn ń fọwọ́ kan èjìká ẹni tó ń sùn. Lójú kọ̀ǹpútà, bíríkì kan yọ nínú òfìfo náà, díẹ̀ ló kù kó má hàn, àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú. Setti wò ó pẹ́. Kò ní kó tún un tẹ̀.

Orin yípo. Kouider gbé ọwọ́ sókè kúrò lórí dùùrù, ó gbé e dúró bẹ́ẹ̀ bíi ti Charef, ó sì ń retí.