Pupa Wo?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹnikẹ́ni bá ké sí yín pé iná kan ti di pupa, ẹ má jókòó kí ẹ máa bi í léèrè. Ẹ dìde, kí ẹ fi ojú ara yín rí i.

"Ìyá Hikmat, ẹ ju àkísà ìnulẹ̀ yẹn sílẹ̀, ẹ wá bá mi ṣọ́ Jàmíù," ni Nọ́ọ̀sì Moṣọpẹ́ wí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àìlà tán ni.

Ilẹ̀ ni mo ń nù ní ọsibítù náà, níhìn-ín ní Ìwó. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Àgbẹ̀ ará Kuta ni Jàmíù. Ejò ló bù ú jẹ lóko ẹ̀gẹ́, oró rẹ̀ ò jẹ́ kó lè dá mí mọ́. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Kùdírátù, ìyàwó rẹ̀, wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Wọn ò jẹ́ kó wọlé.

Nọ́ọ̀sì na ìka sí ẹ̀rọ. "Ẹ wò ó, mà. Bí iná bá ṣe búlúù, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ṣe yẹ́lò, ẹ sọ fún mi, màá wá. Àmọ́ bó bá ṣe rẹ́ẹ̀dì, ẹ̀mí ń lọ nìyẹn. Ẹ pariwo! Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o."

Ariwo ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Dókítà Oyèlẹ́yẹ, ọ̀gá wa, ti fi pílásítà lẹ ihò tó ń gbà jáde, torí Alhaja olówó kan ní yàrá kejì ní kò jẹ́ kí òun sùn. Ọ̀dọ̀ Alhaja yìí náà ni Nọ́ọ̀sì ń lọ, láti lọ fi omi gbígbóná jó o lẹ́sẹ̀.

Iná tàn.

"Nọ́ọ̀sì, ó ti di pupa o!"

Ó sáré dé, ó wò ó, ó pòṣé. "Yẹ́lò nìyí, mà! Ṣé pupa nìyí?"

"Pupa kọ́? Pupa inú ẹyin ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín pa á. Ó tẹ nǹkan kan, ó padà lọ. Mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún Alhaja, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́, iná tún tàn. Èyí ò jọ ti àkọ́kọ́. Ó ń ṣẹ́jú wéréwéré. Rọ́bà ẹnu Jàmíù ti yọ kúrò lára ẹ̀rọ.

"Nọ́ọ̀sì! Ó ti di pupa!"

"Pupa wo?"

Ọ̀rọ̀ tó kọ́ mi, mo wá a tì lẹ́nu. "Pupa... ó pupa gan-an ni!"

"Ìyá ẹlẹ́yin, mò ń bọ̀."

Mo nawọ́ sí rọ́bà. Wọ́n ní n má fọwọ́ kàn án. Mo fa ọwọ́ padà. Mo sáré jáde, mo fa Nọ́ọ̀sì láṣọ wọlé. Ètè Jàmíù ti dúdú, ẹ̀mí ti bọ́.

Dókítà dé. Pílásítà ló kọ́kọ́ ṣí kúrò, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Lọ dà á nù." Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó ń nulẹ̀ ló já wọ yàrá aláìsàn, kò sì mọ àwọ̀. Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Hikmat ṣì wà nílé ìwé, owó iṣẹ́ yìí ni mo sì fi ń rán an. Mo fọwọ́ sí i.

Kùdírátù dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́nu géètì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Lánàá, ẹ̀rọ yẹn ń dún dé ọ̀dọ̀ mi níhìn-ín. Kí ló dé tí kò dún lónìí?"

Pílásítà wà ní kókó etí aṣọ mi. Mo wo fèrèsé Dókítà. Ó dúró níbẹ̀.

"Ó di pupa," ni mo wí.

"Pupa wo, ẹ̀gbọ́n?"

Mo di kókó etí aṣọ mi le sí i.