Ìwé Pupa Ìyá Tíṣà

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n so láíbìrì wa pọ̀ mọ́ ti ìlú mẹ́fà mìíràn, kọ̀ǹpútà orí kántà mi kọ́kọ́ kí mi pé "Ẹ káàárọ̀", lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé òun kò mọ̀ mí. Mo ti ń jókòó sídìí kántà yẹn láti ìgbà tí mi ò tíì ní ewú kan ṣoṣo lórí. Mo mọ ẹni tó ń yá ìwé tí kì í kà á, mo mọ ẹni tó ń ṣẹ́ etí ojú ewé, mo sì mọ bàbá tó ń sùn sórí ìwé ìròyìn títí a ó fi ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ àná wá ní kí n ṣàlàyé ara mi.

Ètò tuntun náà kò ṣòro láti yé èèyàn. Ìwé tó wà ní láíbìrì méjèèje ti di àjọlò. Ẹni tó jókòó sí ìlú mìíràn lè rí ìwé orí pẹpẹ tiwa lójú kọ̀ǹpútà, kó tẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ ẹ, kí dírẹ́bà sì wá gbé e fún un. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni dírẹ́bà ń wá.

Ọ̀gá wa fẹ́ràn ètò yìí bí ẹni pé òun ló bí i. Ìyá Òfin là ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tí kò ní òfin fún: òfin ife omi, òfin fèrèsé, òfin bí a ṣe ń dá àga padà sábẹ́ tábìlì. Òun ni ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́, èmi sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ mọ bí irú ìyẹn ṣe máa ń rí. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn àpótí káàdì tí a fi ń wá ìwé látijọ́ jáde, ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Mo ní ilé kankan ò jó níbí, àwa la fọwọ́ ara wa dáná sun ún. Ó ní kí n lọ jókòó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpótí káàdì ló dùn mí jù. Ọ̀rọ̀ Ìyá Tíṣà ni.

Ìdajì àwọn tó mọ̀wé kà ládùúgbò wa, ọwọ́ Ìyá Tíṣà ni wọ́n ti kọ́ ọ. Kò pẹ́ tó fẹ̀yìn tì ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ẹsẹ̀ padà díẹ̀, ọwọ́ padà díẹ̀, ọ̀rọ̀ kò padà. Á la ẹnu, á wá ọ̀rọ̀ títí, á tún pa ẹnu dé, omi á sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Télọ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ tẹ́lẹ̀; ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí ẹnu ìyàwó pa mọ́, ilé wọn dákẹ́ rọ́rọ́.

Nọ́ọ̀sì ní kí Bàbá Télọ̀ máa mú un jáde lójoojúmọ́, kí ó má sì jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìjẹ́ pé ó fi ẹnu ṣe nǹkan. Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ ń fà á lọ́wọ́ kọjá níbi ìwé àwọn ọmọdé ni Ìyá Tíṣà bá dúró, ó nawọ́, ó sì fa ìwé pupa kan yọ. Ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ ní kíkà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í ta láíbìrì lọ́rẹ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ó jókòó, ó ṣí i, ó sì kà á sókè: "Ewúrẹ́ wà lẹ́yìn ilé. Òjò ń bọ̀. Ta ni yóò lọ mú un wọlé?" Ó dá ṣáká, bí ìgbà tó wà níwájú kíláàsì. Mo gbé òǹtẹ̀ ọwọ́ mi sílẹ̀, mo sì sunkún níbi tí mo wà.

Láti ọjọ́ náà, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í yẹ̀ lórí wọn. Bó bá ti ṣí ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ á dé. Bó bá ti pa á dé, ọ̀rọ̀ á tún lọ. Bàbá Télọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí bébà fún un nílé, ìyàwó tì í dànù. Bàbá wá ìwé náà kiri ilé ìtàwé, wọ́n ní wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Ọmọ mi, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn yó. Mo dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń retí ni kó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú ìwé, kó sì jẹ́ èmi ló ń sọ ọ́ fún. Bó tiẹ̀ jẹ́ èébú."

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, mo fẹ́ pa kọ̀ǹpútà ni nǹkan ṣẹ́jú lójú rẹ̀. Ẹnì kan ní ọ̀kan nínú ìlú mẹ́fà yẹn ti béèrè ìwé pupa. Kí a gbé e fún dírẹ́bà lọ́la. Ó lè lo oṣù kan lọ́hùn-ún, bí ẹlòmíràn bá sì tún béèrè rẹ̀, ó di ìgbà tí a bá rí i.

 Mo bú ẹ̀rọ náà, mo bú ẹni tó ṣe é, mo bú iná mànàmáná tó ń lò. "Nínú gbogbo ìwé ayé! Ẹ kó ìwé ìṣirò lọ, ẹ kó ìwé òfin lọ, ta ló bi yín? Ìwé Ìyá Tíṣà ni ẹ rí mú!" Bàbá Ìmọ́tótó, àgbàlagbà tó ń tọ́jú ilé fún wa, ń nu fèrèsé lọ́wọ́. Ó wò mí, ó sì padà sídìí fèrèsé rẹ̀. Bó ṣe kẹ́yìn sí mi báyìí, mo gbé ìwé náà, mo sì kì í bọ àárín àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tí a dì jọ sí kọ̀rọ̀. Ìwé tí a ò bá rí, a ò lè gbé e fún dírẹ́bà. Kí n má purọ́ fún yín, mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Òfin wá bá mi nídìí kántà. "Ìwé pupa kan wà tó ń lọ lónìí."

"Mi ò rí i lórí pẹpẹ, Ọ̀gá."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni, kò sí lórí pẹpẹ. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kàn ní òun náà á wá a. Nígbà tí dírẹ́bà dé, Ìyá Òfin fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé a ò rí ìwé náà. Dírẹ́bà kó ẹrù yòókù, ó lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé kò bá mi wí, ṣùgbọ́n ta ni í bá ọlọ́pàá tí kò mú un jiyàn?

Agogo mẹ́rin lù, tọkọtaya dé. Bàbá Télọ̀ mú ìyàwó rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì wò mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ n gbé e wá, Bàbá." Mo rọra rìn lọ sí kọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní nǹkan í ṣe.

Kọ̀rọ̀ ṣófo. Kò sí ìdì ìwé ìròyìn kankan níbẹ̀ mọ́.

 Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé dírẹ́bà yìí kan náà ló ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ di bébà tuntun. Èmi tí mo ní mo gbọ́n, èmi ni mo fọwọ́ ara mi di ìwé náà mọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ lọ̀.

Nígbà tí mo padà, Ìyá Tíṣà wo ọwọ́ mi tó ṣófo. Mo yára gbé ìwé ọmọdé mìíràn síwájú rẹ̀, ó tì í sẹ́yìn. Ó la ẹnu, ó ń wá ọ̀rọ̀, kò rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì díẹ̀díẹ̀, omijé ń bọ́. Bàbá Télọ̀ bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti gbé e lọ ni?" Ìyá Òfin jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀ láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Èmi ni! Èmi ni mo gbé e pamọ́ sáàárín ìwé ìròyìn, dírẹ́bà sì ti kó gbogbo rẹ̀ lọ! Ẹ dárí jì mí, Màmá!"

Bàbá Ìmọ́tótó wúkọ́. "Dákẹ́ ná, ọmọ mi. Kò bá wọn lọ. Èmi ni mo yọ ọ́ níbẹ̀ láàárọ̀. Ariwo tí o pa lánàá, ta ni kò gbọ́ ọ? Mo ti mọ̀ pé o máa gbé e pamọ́. Ṣùgbọ́n ta ní í fi ẹran pamọ́ sẹ́nu ajá? Mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù korobá mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

A sáré lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Korobá wà níbẹ̀, ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀, ọṣẹ wà níbẹ̀. Kò sí ìwé. Ó kan Bàbá Ìmọ́tótó láti làágùn. "Ibí ni mo fi í sí! Abẹ́ àkísà yìí gan-an!"

"Ẹ fi ìwé sábẹ́ àkísà tútù, Bàbá?"

"Ìwọ tó dì í fún dírẹ́bà ńkọ́?"

Bí a ṣe ń bá ara wa fa ọ̀rọ̀ padà sídìí tábìlì nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ: Ìyá Òfin, tí kì í jẹ́ ká sọ̀rọ̀ sókè, kò bá wa wí. Ó ń wo ilẹ̀. Ó wọ ọ́fíìsì lọ, ó gbé báàgì rẹ̀ jáde, ó sì yọ ìwé pupa láàárín agbòjò àti àpò gíláàsì ojú rẹ̀.

"Mo lọ mú àkísà tí n ó fi nu tábìlì mi ni," ló wí. "Omi korobá fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án."

"Ọ̀gá! Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ pé a ò rí i!"

"Ṣé ẹ̀yin rí i ni?"

Bàbá Ìmọ́tótó bú sẹ́rìn-ín. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá ń ṣàlàyé òfin tí kò sí níbì kankan, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ dákẹ́ ariwo!"

A yíjú padà. Ìyá Tíṣà ti dìde dúró, ọwọ́ kan lórí tábìlì, ọwọ́ kejì ń tọ́ka sí wa. Ojú rẹ̀ le. "Ẹ tò," ló wí.

A tò. Mo fi Ọlọ́run búra, a tò: Ọ̀gá, èmi, àti Bàbá Ìmọ́tótó pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwé kankan. Bàbá Télọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Síbẹ̀ mo rí i tó jókòó, tó ń wo ìyàwó rẹ̀, tó ń dúró dè é bóyá ọ̀rọ̀ á kan òun náà. Kò kan án. Kíláàsì ni tíṣà bá wí.

Ìyá Òfin fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé fún un, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. "Màmá, n ò lè fi èyí pamọ́ fún yín. Mo ti pe láíbìrì tí ìbéèrè náà ti wá. Bíríkìlà kan ni, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Kò jókòó ní kíláàsì rí. Nígbà tó wà ní kékeré, ẹ̀yìn fèrèsé ilé ìwé ló ń dúró sí, tó ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń ka ìwé yìí. Ó mọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà lórí, kò mọ lẹ́tà rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà báyìí, ìwé yìí gan-an ló ní òun fẹ́. Kò sì sí òmíràn ní láíbìrì méjèèje. Ó yẹ kí n sọ fún un pé a ò rí i, ẹnu mi ò gbà á."

 Èmi tí mo ti ń bú ẹni tó béèrè ìwé náà láti àná, ojú tì mí.

Bàbá Télọ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kó ní sùúrù fún wa. Ìyàwó mi kò ní nǹkan mìíràn."

Ìyá Tíṣà ṣí ìwé náà. Ó wo àwòrán ewúrẹ́, ó fọwọ́ pa á lórí, ó pa ìwé dé, ó sì nà án sí Ọ̀gá. Bàbá Télọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Rárá o. Kí lo máa kà lọ́la?"

Ó wá ọ̀rọ̀. A dúró dè é. Ìrora rẹ̀ hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lu tábìlì lọ́tẹ̀ yìí.

"Mo ti... mọ̀ ọ́n," ló wí. Ó tọ́ka síta. "Òun... kò tíì."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, dírẹ́bà gbé ìwé pupa lọ. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ mi sì wúwo. Mo rò pé àwọn méjèèjì kò ní wá lọ́jọ́ náà. Agogo mẹ́rin lù, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí.

Ìyá Tíṣà tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì lásán, ó la ọwọ́ bí ẹni ṣí ìwé. "Ewúrẹ́ wà lẹ́yìn ilé." Ó fi ìka kan ahọ́n, ó ṣí ojú ewé tí kò sí níbẹ̀. "Òjò ń bọ̀." Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Bàbá Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́: "Ta ni yóò lọ..." Ìyá Tíṣà gbọ́wọ́ sókè, ó dá a dúró. Àyà ọkọ rẹ̀ ló ń wò, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wá nǹkan.

"Bọ́tìnnì," ló wí. Ó sinmi díẹ̀. "Bọ́tìnnì yín ti já."

Bàbá Télọ̀, tó ń rán aṣọ fún gbogbo àdúgbò, wo àyà ẹ̀wù ara rẹ̀. Òwú lásán ló wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ bo ibẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tó ti já," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé o rí i."